Fánííṣì Dídán Kí Ọ̀dà Olómi Tó Dé: Ìtàn Ìpele Kan Tí Ojú Kì í Rí

Bí ẹ bá wo ọkọ̀ ogun kékeré tí ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ kùn, ẹ ó rí i pé kò dán rárá. Ó dà bíi pé eruku ojú ọ̀nà ti bò ó, òjìji sì wà nínú gbogbo kòtò àti ojú ìsopọ̀ ara rẹ̀. Ohun tí ẹ kò ní rí ni pé ọkọ̀ náà ti dán yinrinyinrin rí kí ẹni tó kùn ún tó pa dídán náà rẹ́. Ìtàn ìpele tó ń pòórá yìí ni a fẹ́ sọ, nítorí àwọn òpìtàn kì í sábà ya ọ̀dọ̀ irú nǹkan báyìí.

Dídán ni iṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1893, ilé-iṣẹ́ William Britain ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í fi òjé rọ àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí inú wọn ṣófo. Ṣíṣófo yẹn mú kí wọ́n fúyẹ́, kí owó wọn sì wálẹ̀. Ọ̀dà tó ń kọ mànà ni wọ́n fi ń kùn wọ́n: ẹ̀wù pupa, ṣòkòtò dúdú, kò sí òjìji kankan. Irú wọn ni H. G. Wells fi ṣe eré ogun tó kọ ìwé Little Wars lé lórí ní 1913. Ohun ìṣeré ni wọ́n, wọn kò sì díbọ́n pé àwọn jẹ́ nǹkan mìíràn.

Ike ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní 1936, FROG gbé bàálù Penguin jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàálù aláike tí ẹni tó rà á lè to ara rẹ̀ pọ̀. Airfix náà gbé ọkọ̀ ojú omi Golden Hind jáde ní 1952. Àwọn tó ń to nǹkan wọ̀nyí kò fẹ́ ohun ìṣeré mọ́, ohun tó jọ ti gidi ni wọ́n ń wá. Humbrol, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Hull ní 1919 gẹ́gẹ́ bí Humber Oil Company, ń ta ọ̀dà tí kì í dán fún wọn nínú agolo kéékèèké. Bí dídán ṣe di iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nǹkan kékeré kì í ní òjìji tó tó. Ìṣẹ́po ẹ̀wù ọmọ ogun tó ga ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kò jìn tó láti dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ọwọ́ akunlé gbọ́dọ̀ fi òjìji náà sí i. Wọ́n á la ọ̀dà dúdú tàbí ti àwọ̀ ilẹ̀ títí yóò fi ṣàn bí omi, wọ́n á dà á sí ara ère náà, yóò sì wọ inú kòtò lọ. A ó máa pè é ní ọ̀dà olómi níhìn-ín. François Verlinden, ará Belgium, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, pẹ̀lú àwọn ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ The Verlinden Way.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Ọ̀dà tí kì í dán ń tan ojú jẹ: ara rẹ̀ kò jọ̀lọ̀, ó rí ṣákaṣàka bí a bá fi ẹ̀rọ asọǹkandi-ńlá wò ó, àìjọ̀lọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí ó dán. Bí ọ̀dà olómi bá kàn án, yóò tàn ká bí yíǹkì lórí tíṣù, etí rẹ̀ yóò sì gbẹ di òrùka ìdọ̀tí. Èkejì tún le ju ìyẹn lọ. Tínnà tí wọ́n fi la ọ̀dà olómi lè jẹ ọ̀dà ti ìsàlẹ̀. Ẹ bi káfíńtà tó ń kun àga ní àdúgbò yín, yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún yín láìwo ìwé.

Fánííṣì dídán tán ìṣòro méjèèjì. Ó jẹ́ ògiri láàárín ọ̀dà òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ara rẹ̀ sì jọ̀lọ̀ débi pé ọ̀dà olómi kò rí ibi dì mú, kòtò fúnra rẹ̀ ni yóò fà á wọlé. Èyí tó bá ṣèèṣì kù lókè, aṣọ ló máa nù ún kúrò.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe é? Kò sí orúkọ tí a lè tọ́ka sí. Àwa tí a ń kọ́ nípa oríkì àti àlọ́ kò gbọdọ̀ torí ìyẹn sọ pé kò ní ìtàn. Ìgò tí ọ̀pọ̀ wọn lò sì ní orúkọ: oògùn ìdán ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ S. C. Johnson ti ìlú Racine ní Amẹ́ríkà ń ṣe nígbà kan. Future ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ nígbà náà, Klear ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ pálọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ó ṣàn bí omi, ó ń tẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí ipa búrọ́ọ̀ṣì, tapẹntáìn kì í jẹ ẹ́ bó bá ti gbẹ, amóníà sì lè ṣí i kúrò bí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Wọ́n tún ń rì gíláàsì bàálù sínú rẹ̀ kí ó lè mọ́ gaara. Ilé-iṣẹ́ náà pààrọ̀ orúkọ rẹ̀ nígbà tó yá, àwọn akun-ère sì ń tọ́jú ìgò àtijọ́ bí ẹni tọ́jú wúrà.

 Ní 2012 ni Games Workshop gbé Nuln Oil àti Agrax Earthshade jáde, ọ̀dà olómi tí wọ́n pò láti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀dà tí kì í dán ní tààrà. Àwọn kan ń fi irú rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ̀bùn inú ìgò ni. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé fánííṣì àárín ti di àṣedànù. Lójú tiwa, òótọ́ ni fún ojú ènìyàn àti aṣọ, níbi tí a ti fẹ́ kí àwọ̀ dúdú rin gbogbo ara díẹ̀díẹ̀. Fún ọkọ̀ ogun àti bàálù, a kò gbà. Ilé-iṣẹ́ kan náà padà ta Nuln Oil Gloss, tí dídán wà nínú rẹ̀.

Ìpele tó kẹ́yìn ni fánííṣì tí kì í dán, tí wọ́n ń fọ́n sí gbogbo rẹ̀ lára. Ọjọ́ tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó lè gbẹ di funfun bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i, kí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì bàjẹ́. Ohun tí àwọn àgbà iṣẹ́ sábà máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú ni kí wọ́n tún fi fánííṣì dídán kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i, funfun náà á sì wábi gbà.