Ìdíje jọ́gíráfì àgbáyé: Bí akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò ṣe lè gbára dì fún un

Àwọn àgbà ló sọ pé ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri àgbáyé figa gbága nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì kò gbọdọ̀ rò pé inú ìwé nìkan ni ìmọ̀ náà wà. Ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò, ní ìpínlẹ̀ Èkó, òkun kò jìnnà, ọ̀sà wà nítòsí, ojú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè la àárín ìgboro kọjá, ọjà tí àwọn oníṣòwò ti ń wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn sì wà níbẹ̀. Ohun tó kù ni kí ọmọ mọ bí ìdíje náà ṣe rí, kí ó sì tètè bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀.

KÍ NI ÌDÍJE NÁÀ?

Èyí tó lókìkí jù lọ lónìí ni International Geography Olympiad, tí àwọn ènìyàn ń pè ní iGeo. Àjọ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì lágbàáyé, International Geographical Union, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 1996 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní ìlú The Hague, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, orílẹ̀-èdè 5 péré ló sì kópa lọ́dún náà. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń ṣe é títí di ọdún 2012, kí ó tó di ọdọọdún. Ilẹ̀ Áfíríkà náà ti gbà á lálejò: ìlú Durban ní South Africa lọ́dún 2002, àti Carthage ní Tunisia lọ́dún 2008. Àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí ti ọdún 2020 wáyé.

Àwọn ìwé kan tó ti pẹ́ ṣì ń sọ nípa ìdíje àgbáyé ti National Geographic, tó bẹ̀rẹ̀ ní London lọ́dún 1993. Wọn kò ṣe ìyẹn mọ́. Kódà, ìdíje irú rẹ̀ tí àjọ náà ń ṣe fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà láti ọdún 1989 ti kógbá wọlé lọ́dún 2021. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

TA LÓ LÈ KÓPA?

Akẹ́kọ̀ọ́ 4 ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ń mú lọ, pẹ̀lú àwọn àgbà tó ń darí wọn. Ọjọ́ orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ wà láàárín ọdún 16 sí 19, wọn kò sì gbọdọ̀ tíì wọ yunifásítì. Ibí yìí ló yẹ kí àwọn òbí ti fara balẹ̀ ronú. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọmọ ọdún 16 tàbí 17. Èyí túmọ̀ sí pé àǹfààní tí ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kò ju ọdún kan tàbí méjì lọ. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó wọ SS3 kó tó ṣí máàpù wò ti pẹ́ lẹ́yìn. JSS3 tàbí SS1 ni ìgbà tó dára láti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì tó ṣe kókó ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dá fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè ló ń fi ìdíje abẹ́lé yan àwọn tó ń lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé yín, tó ní kí ẹ san owó kí òun lè mú ọmọ yín lọ tààrà sí ìdíje àgbáyé láì ṣe ìdánwò kankan, ẹ ṣọ́ra. Kí olórí ilé-ẹ̀kọ́ wádìí lọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣètò ìdíje náà kí kọ́bọ̀ tó jáde lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ WỌ́N FI Ń DÁN ỌMỌ WÒ

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdíje náà, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì pín in sí. Èkíní ni ìdánwò àkọsílẹ̀, tó ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì. Níbẹ̀, wọn yóò fún ọmọ ní máàpù, àwòrán àti tábìlì, wọn yóò sì ní kó ṣàlàyé ohun tó rí. Èkejì ni iṣẹ́ ìta gbangba, tí òun náà ní ìdá 40. Wọn yóò kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ sí àdúgbò kan, wọn yóò ní kí wọ́n wò yíká, kí wọ́n ya máàpù rẹ̀, kí wọ́n sì dá ọgbọ́n tí yóò tún ibẹ̀ ṣe. Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè tí wọ́n ń fi àwòrán hàn lójú kọ̀ǹpútà, tí ọmọ yóò sì mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. Èyí ní ìdá 20.

Ẹ ò rí i pé ẹni tó kàn há orúkọ olú-ìlú gbogbo orílẹ̀-èdè sórí kò tíì ṣe nǹkan kan. Ìdí tí nǹkan fi wà níbi tó wà ni wọ́n ń bèèrè. Lára àwọn kókó tí ìbéèrè ń ti jáde ni ojú ọjọ́ àti ìyípadà rẹ̀, àjálù bí omíyalé, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti oúnjẹ, iye ènìyàn, ètò ìlú, ọrọ̀ ajé, ìrìn-àjò afẹ́ àti àṣà.

ẸNI TÓ MỌ MÁÀPÙ LÓ MỌ Ọ̀NÀ

Ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni máàpù. Kí ọmọ mọ̀ pé lórí máàpù tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:50,000, sẹ̀ǹtímítà 2 dúró fún kìlómítà 1 lórí ilẹ̀. Kí ó mọ̀ pé ìlà ìbú ayé ń sọ bí ibì kan ṣe jìnnà tó sí agbedeméjì ayé, tí ìlà òòró sì ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà Greenwich. Èkó wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n 6 ààbọ̀ sí àríwá agbedeméjì ayé, àti nǹkan bíi ìwọ̀n 3 sí ìlà-oòrùn Greenwich. Ìlà Greenwich yìí kò jìnnà sí wa rárá, nítorí ó gba ìlú Tema kọjá ní Ghana.

Wákàtí 1 ni ayé fi ń yí ìwọ̀n 15. Bí a bá tẹ̀ lé oòrùn nìkan, aago Èkó ìbá fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 13 ṣáájú ti Greenwich. Ṣùgbọ́n wákàtí 1 gbáko ni Nàìjíríà fi ṣáájú, torí pé ìlà òòró 15, tó wà ní ìlà-oòrùn Greenwich, ni a ń tẹ̀ lé. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé èyí ti kúrò ní ọmọ kékeré nínú jọ́gíráfì.

ÌGBORO NI ILÉ-Ẹ̀KỌ́ KEJÌ

Iṣẹ́ ìta gbangba ló máa ń dẹ́rù ba àwọn tó jẹ́ pé inú kíláàsì nìkan ni wọ́n ti kàwé. Bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó dẹ́rù ba ọmọ Ọ̀jọ́. Ẹ jẹ́ ká mú ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Ọ̀nà yìí kọjá ní Okokomáíkò, ó dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ó sì jẹ́ ara ọ̀nà tó so Èkó pọ̀ mọ́ Kútọnu, Lomé, Accra àti Abidjan, orílẹ̀-èdè 5, tí gígùn rẹ̀ lé ní 1,000 kìlómítà. Ìyẹn nìkan tó fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan lórí òwò, ẹnubodè àti ìrìn-àjò.

Rélùwéè aláwọ̀ búlúù ń kọ́? Gbogbo ètò rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27, láti Marina dé Okokomáíkò. Apá àkọ́kọ́, kìlómítà 13 láti Marina sí Mile 2, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ pé: kí ni yóò yí padà ní ìdíkọ̀ àwọn dánfó bí rélùwéè bá dé àdúgbò kan? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó ilé? Irú ìbéèrè tí wọ́n ń bèèrè ní ìdíje àgbáyé nìyẹn.

Ẹ tún wo ọ̀sà Ológè. Odò Ọ̀wọ̀ ló ń ṣàn wọ inú rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ Àgbárá kò sì jìnnà síbẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ti yẹ omi náà wò léraléra láti mọ ohun tí ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ń ṣe fún omi àti ẹja. Ọjà Alábà tó wà ní Ọ̀jọ́ náà jẹ́ ìwé ńlá: níbo ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ti wá, ta ló ń rà á, níbo sì ni àlòkù rẹ̀ ń lọ nígbà tó bá bàjẹ́?

Kí ọmọ mú pépà, pẹ́ńsù àti kọ́ńpáàsì. Kí ó yan òpópónà kan ní Ìbà, kí ó ya ilé ìgbé, ṣọ́ọ̀bù, ilé-ẹ̀kọ́ àti gọ́tà síbẹ̀, kí ó fi àmì han ibi tí àríwá wà, kí ó sì kọ ìtumọ̀ gbogbo àmì tó lò. Kí ó padà lọ lẹ́yìn òjò ńlá, kí ó kọ ibi tí omi dúró sí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àgbà kan wà pẹ̀lú wọn nígbà gbogbo, kí wọ́n má dúró sójú títì márosẹ̀, kí wọ́n má sì ya àwòrán tàbí máàpù bárékè àwọn ọmọ ogun tó wà ní Ọ̀jọ́.

ÈTÒ TÍ YÓÒ ṢIṢẸ́

Wákàtí kan lójúmọ́ tó. Kí ọjọ́ méjì jẹ́ ti máàpù àti ìṣirò rẹ̀, kí ọjọ́ méjì jẹ́ ti ìwé kíkà, kí ọjọ́ kan jẹ́ ti kíkọ ìdáhùn sílẹ̀ lábẹ́ aago, kí ọjọ́ Sátidé sì jẹ́ ti ìgboro. Àwọn ìbéèrè iGeo ọdún tó ti kọjá wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ lè tẹ̀ wọ́n jáde fún ẹgbẹ́ jọ́gíráfì ilé-ẹ̀kọ́, torí iná mànàmáná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, wà ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀, ó sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní jọ́gíráfì. Olùkọ́ tó bá kọ lẹ́tà síbẹ̀ pé kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ òun sọ̀rọ̀ kò ṣe àṣejù.

Nínú ìdíje náà, nǹkan bí ìdajì àwọn tó kópa ló ń gba àmì ẹ̀yẹ wúrà, fàdákà tàbí idẹ. Bí ọmọ kò bá tilẹ̀ débẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò já sófo. Máàpù kíkà àti àlàyé ojú ọjọ́ tó kọ́ ni WAEC náà ń bèèrè, ètò ìlú tó mọ̀ sì ni ìpínlẹ̀ Èkó nílò, ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù lọ nínú gbogbo ìpínlẹ̀ 36, tí èrò sì ń rọ́ wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń lé ọmọ kúrò nídìí ẹ̀kọ́ yìí pé kò ní í mówó wá, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà rò.