Ayùn, Eegun, àti Ìró tí Etí Kò Gbọ́

Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá ṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí àwọn ará ilé sì dárúkọ ilé-ìwòsàn, ohun méjì ni ó máa ń bà á lẹ́rù. Èkíní ni owó. Èkejì, tí ó ju èkíní lọ, ni ayùn. "Wọn yóò gé e ni!" ni ọ̀rọ̀ tí ó ti gbé ọ̀pọ̀ aláìsàn kúrò lórí ibùsùn dókítà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń to eegun. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òpè. Ó ní ìtàn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà wá láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fara gbọgbẹ́ níhà méjèèjì. Ọkọ̀ ogun wọn ayé ìgbà náà kì í rìn láìní oníṣẹ́-abẹ, ayùn a sì máa wà nínú àpótí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wà nínú àpótí káfíńtà. Ọdún márùn-ún péré ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1846, ni Robert Liston gé ẹsẹ̀ ọkùnrin kan ní London lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ether kùn ún lóorun. Kí ether tó dé, eré ni ó dúró fún oògùn ìrora: oníṣẹ́-abẹ tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù lọ ni ó ṣàánú jù lọ. Ether mú ìrora kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yí ìwà ayùn padà. Ayùn kò mọ eegun yàtọ̀ sí iṣan, kò sì mọ iṣan yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀.

Ní 1894, ọdún tí a ṣí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, èyí tí àwọn Àgùdà ọlọ́wọ́-ọnà wa fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn hàn lára rẹ̀, ni Leonardo Gigli, dókítà ará Ítálì, kọ̀wé nípa ayùn tuntun kan: okùn irin eléyín tí a lè ti abẹ́ eegun fà. Ìyá tí ọmọ há sí nídìí ni ó ṣe é fún. Wọ́n ṣì ń lò ó títí di òní, nítorí kò fẹ́ iná, kò sì gba àyè.

Kí ni àwọn tí ń to eegun ń ṣe ní tiwọn? Wọn a fi ọwọ́ wá ojú ibi tí eegun ti ṣẹ́, wọn a fà á bọ̀ sípò, wọn a to ọparun yí i ká, wọn a sì dì í. Àwọn mìíràn a ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ tí adìyẹ bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ dáadáa ni a óò tú ti aláìsàn. Mo ti gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀nà láti ka ọjọ́ ni. Ewu rẹ̀ wà níbi dídì. Bí a bá dì í le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, ẹran ara yóò kú, yóò sì di dúdú. Léraléra ni àwọn dókítà Nàìjíríà ti kọ̀wé nípa irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ayùn tí aláìsàn ń sá fún náà ni ó ń padà wá bá níkẹyìn, yálà ní Igbobi, tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ibùdó ìtọ́jú àwọn ọmọ-ogun tí ó ṣèṣe nínú Ogun Àgbáyé Kejì, tí ó sì di ilé-ìwòsàn eegun ní 1945, tàbí níbòmíràn.

Nísisìyí irin mìíràn ti dé, ìró sì ni agbára rẹ̀. Ní 1880, Jacques àti Pierre Curie rí i pé bí a bá tẹ àwọn òkúta dídán kan, iná mànàmáná a jáde lára wọn. Bí a bá sì fi iná sí wọn, wọn a máa wú, wọn a máa sún kì. Bí ọ̀rúndún ogún ṣe ń parí, Tomaso Vercellotti, dókítà eyín ní Ítálì, lo ọgbọ́n yìí láti gé eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní 2001 ẹ̀rọ náà dé ọjà. Ṣóńṣó rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà bí 25,000 sí 30,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí wa kì í gbọ́ ju bí 20,000 lọ. Ìrìn rẹ̀ kò sì ju ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà lọ.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ó ń gé eegun, ó sì ń dá ẹran ara sí. Bí a bá fi ọ̀pá gbá igbá, igbá a fọ́. Bí a bá fi gbá aṣọ tí a sá sórí okùn, aṣọ a yẹ̀, a sì padà sí ipò rẹ̀. Eegun ni igbá, iṣan ni aṣọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní agbárí àti ní ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí àṣìṣe kékeré lè sọ ètè tàbí ẹsẹ̀ di òkú. Omi a máa ṣàn lé e lórí kí eegun má baà gbóná kú. Ẹni tí ó bá fi ipá tẹ̀ ẹ́ kò ní rí i kí ó gé nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Kí ni a ó máa pè é? Skáànù tí a fi ń wo ọmọ inú aboyún náà ń lo irú ìró yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ ń gbọ̀n ní mílíọ̀nù ìgbà, tí kò sì gé nǹkan. "Ìró àìgbọ́" ni èmi ìbá pe ti méjèèjì. "Ayùn olóhùn" tí ọ̀rẹ́ mi kan dá lábàá kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ohùn tí a kò gbọ́, ohùn kọ́.

Ṣùgbọ́n eegun itan nípọn, ẹ̀rọ yìí sì lọ́ra. Ẹni tí ó bá ti Ìsàlẹ̀ Èkó gbé ẹsẹ̀ tí ó ti kú dé ilé-ìwòsàn lónìí, ayùn náà ni yóò ṣì bá níbẹ̀.