Àbùùbùtán: Bí Eegun Rẹ̀ Ṣe Dé Òkè Àjà ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ wo orúkọ tí Yorùbá fún ẹran omi yìí: àbùùbùtán, èyí tí a ń bù tí kì í tán. Ní oṣù Kẹta ọdún 1891, ọ̀kan nínú wọn há sórí iyanrìn ní Wexford, ní ilẹ̀ Ireland. Wọ́n bu òun ní tirẹ̀ tán! Eegun nìkan ló kù, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Natural History Museum sì fi £250 rà á.

Eegun 221, gígùn mítà 25, ìwọ̀n tọ́ọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀: yàrá wo ni yóò gbà á? Ó di àwọn ọdún 1930 kí wọ́n tó rí gbọ̀ngàn gbé e kọ́ sí. Gbọnrangandan ni wọ́n nà án, bí ẹja gbígbẹ.

Nígbà tí wọ́n tú u láti gbé e lọ sí gbọ̀ngàn àbáwọlé, wọ́n fọ eegun kọ̀ọ̀kan. Nínú apá tí àbùùbùtán fi ń wẹ̀, eegun ìka wà bí ti ọwọ́ wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àwọn àgbà ọjọ́sí ti ṣi àwọn kan tò. Mélòó ni ọ̀mọ̀wé tí ó ti kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìfura?

Láti oṣù Keje ọdún 2017, okùn irin ló gbé e dúró: orí rẹ̀ dà sísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, bí ẹni ń lépa oúnjẹ nínú ibú.