Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé: Ìtàn Oúnjẹ Tí Ó Wà Nítòsí Ilé ní Kétu àti Àjàṣẹ́

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, ẹbí wa pe ìpàdé ní Kétu nítorí ilẹ̀ kan tí kò fẹ̀ ju yàrá méjì lọ. Ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà ni, ìyá tí ó bí ìyá mi. Màmá náà ti re ibi tí àgbà ń rè, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì fẹ́ da sìmẹ́ǹtì síbẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ yàrá tí wọn yóò máa gba owó rẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn ìyá wa kan kò fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan wá dìde, ó ní: “Ewúro àti gbúre nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ṣé ewúro ni a ó kó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé nígbà tí ó bá ń béèrè owó àwọn ọmọ?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sílé, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi lẹ́nu mọ́. Olùkọ́ ìtàn ni mí. Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ogun àti ọba, nípa àdéhùn àwọn Faransé àti ọjọ́ òmìnira. N kò tíì fi wákàtí kan ṣoṣo kọ́ wọn rí nípa ibi tí ọbẹ̀ ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Ọgbà ni à ń pe ohun tí a fi yí nǹkan ká. Ọgbà náà ni à ń pe ibi tí a yí ká. Àwọn baba wa kò wo ara ewé tàbí òdòdó kí wọ́n tó fún un lórúkọ; ohun tí ó ń dènà ewúrẹ́ ni wọ́n wò. Ẹni tí ó bá sì ti gbin tẹ̀tẹ̀ rí ní àdúgbò tí ewúrẹ́ pọ̀ sí yóò mọ̀ pé wọn kò ṣì í. Igi tí ó ń hù láti ara ẹ̀ka ni wọ́n sábà fi ń ṣe ọgbà náà: làpálàpá, akòko, pèrègún. Akòko yìí kan náà ni ewé tí a fi ń jẹ oyè, pèrègún sì ni a fi ń pààlà ilẹ̀.

Oko ẹgàn wà lọ́nà jíjìn. Ọkùnrin a máa lọ síbẹ̀, a sì máa sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Oko etílé sún mọ́ ìlú. Ẹ̀yìnkùlé ni ó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ àwọn obìnrin ni ó sì wà. Àwọn tí ń fi èdè Faransé kọ̀wé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ń pè é ní jardin de case. Òwe wa sọ pé ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. N kò bá òwe jà, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé yìí náà ni a ti ń já ewé ọbẹ̀.

Orí ilẹ̀ pupa gíga ni Kétu wà, omi sì jìnnà sí ojú ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé garawa omi mímu, tí ó dà á sí ìdí ewébẹ̀, yóò gbọ́ ariwo àwọn ará ilé. Bí ìyá àgbà ti ń ṣe é nìyí: omi tí ó fi ṣan ẹ̀wà lọ sí ìdí ilá, omi tí ó fi fọ ẹja lọ sí ìdí ata, omi ìwẹ̀ gba ojú ihò kékeré kan lẹ́yìn balùwẹ̀ lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kọ ọṣẹ. Eérú ààrò ni ó ń wọ́n sára ewé nígbà tí kòkòrò bá dé. Èèpo iṣu, ìgbẹ́ adìyẹ, ilẹ̀ tí a gbá, gbogbo rẹ̀ ń lọ sí ààtàn. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, orí ààtàn náà ni ó ń gbin ẹ̀gúsí àti elégédé sí. Ìkòkò tí ó fọ́ kì í kúrò nílé: efinrin ni ó ń hù nínú rẹ̀. N kò rí i kí ó ra ohunkóhun fún ọgbà náà rí, àfi ọkọ́ kan ṣoṣo, lílò sì ti jẹ ọkọ́ yẹn dé ìdajì kí a tó bí mi.

Bí a bá to àwọn ohun tí ó wà lórí irú ilẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ jọ, ìtàn ayé ni a tò jọ. Ilá, ewúro àti ẹ̀wà jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ìhà Éṣíà wá. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà, ìbẹ́pẹ, tòmátì àti ata tí a ń lọ̀: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá lẹ́yìn ọdún 1492, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tí ó gbé wọn dé etíkun wa. Làpálàpá tí ó yí ọgbà ká pàápàá, ará Amẹ́ríkà ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í fẹ́ gbà á. “Ọ̀gá, ata náà kẹ̀?” Bẹ́ẹ̀ ni, ata náà. Ataare àti iyèré ni ó ń ta àwọn baba ńlá wa lẹ́nu kí ata tó dé. Èrò tèmi ni pé ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò wọ̀nyí ti kọ́kọ́ gba ilé. Kò sí àgbẹ̀ tí yóò fi oko iṣu rẹ̀ dán irúgbìn àjèjì wò; ṣùgbọ́n obìnrin lè sọ kóró mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ààtàn, bí kò bá hù, kò pàdánù nǹkan kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀mí ènìyàn ni ogun Kétu. Odi amọ̀ àti yàrà jíjìn ni ó yí ìlú náà ká. Ẹnu ibodè Àkàbà Ìdènà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, ní àkókò ọba Glele, kọlu ìlú náà ní 1883. Wọ́n tún padà wá, wọ́n dó tì í, Kétu sì ṣubú ní 1886. Wọ́n pa ìlú náà run, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Kétu di ahoro. Nígbà tí àwọn Faransé gba Àgbómẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, ọ̀nà ṣí fún àwọn tí a kó lẹ́rú láti padà sílé. Ní 1894, Aláketu Onyegen gun orí ìtẹ́ ìlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí.

Àwọn ìwé ìtàn sábà máa ń dúró níbẹ̀. Èmi fẹ́ béèrè ohun tí ìyá ilé yóò béèrè: kí ni wọ́n jẹ ní oṣù àkọ́kọ́? Igbó ti bo oko ẹgàn fún ọdún méje sí mẹ́jọ. Iṣu ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́jọ kí a tó wà á. Ẹ̀gẹ́ lè gbà tó ọdún kan, àgbàdo tí ó yá jù lọ gba oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ kò béèrè ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ewúro kò tilẹ̀ béèrè ohunkóhun: igi ni, bí wọ́n gé e, bí iná jó ẹ̀ka rẹ̀, a tún máa rú láti ìdí. Ahoro pàápàá kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ibi tí ènìyàn ti gbé pẹ́, tí wọ́n ti da eérú àti pàǹtí sí fún ìran púpọ̀, dúdú ni ilẹ̀ rẹ̀, ewébẹ̀ sì máa ń dára níbẹ̀ ju inú igbó lọ. Nítorí èyí náà ni àwọn tí ń wá ojú ìlú àtijọ́ nínú igbó fi máa ń wo igi kí wọ́n tó wo ilẹ̀: níbi tí osè, akòko àti pèrègún bá dúró sí papọ̀, ilé ti wà níbẹ̀ rí. Oko ẹgàn kò lè gba àwọn tí ó padà bọ̀ sílẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ̀yìnkùlé tí ó ti di ahoro lè ṣe é.

Ìyá àgbà máa ń sọ pé ìyá tí ó bí ìyá òun wà lára wọn, ọmọdébìnrin ni nígbà tí wọ́n kó o lọ, ó sì ti bàlágà nígbà tí ó padà. Kò rí ògiri kankan dá mọ̀. Ewúro méjì tí ó wà lẹ́bàá ara wọn ni ó fi mọ ibi tí ààrò ìyá rẹ̀ wà. Ìtàn ẹbí ni, mo sọ ọ́ bí mo ti gbọ́ ọ. Láti ara ewúro yẹn ni wọ́n ti ń gé ẹ̀ka gbìn láti ilé dé ilé. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka náà ni ewúro tí ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe ẹlẹ́yà ní ìpàdé.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ Kétu ni ó padà. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú 1886 ni a ti tà nínú wọn kọjá òkun sí Bàhíà ní Bùràsíìlì, níbi tí àwọn ilé òrìṣà tí ó lókìkí ṣì ń pe ara wọn ní ti Kétu títí di òní. Nínú àgbàlá àwọn ilé náà, wọ́n gbin akòko àti pèrègún, orúkọ tiwa yìí ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. Pierre Verger, ọmọ Faransé tí a sọ ní Fátúmbí nígbà tí ó gba Ifá ní Kétu, kọ ìwé ńlá kan lórí ewé tí a ń lò ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1995 ni ó jáde.

Ní Àjàṣẹ́, ọ̀nà mìíràn ni ìtàn náà gbà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì ní Bàhíà ní 1835, ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sí etíkun wa, àwọn tí a mọ̀ sí Àgùdà. Ẹ̀gẹ́ ti wà nílẹ̀ ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ti ń rin ín, tí a ń fún omi rẹ̀ jáde, tí a ń yan án, wọ́n sì wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí gàrí tàn kálẹ̀. Ní 1895, nígbà ayé ọba Tòfá, àwọn Faransé sọ apá kan igbó mímọ́ ọba di ọgbà tí wọ́n ti ń dán irúgbìn wò. Ibẹ̀ ni à ń pè ní Jardin des Plantes et de la Nature lónìí. Mo ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà ni wọ́n fi kọ orúkọ igi mọ́ ara igi. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n ní orúkọ tí ìyá wọn ń pè é. Ní 1899 ni owó orí dé, fránkì ni ìjọba sì ń gbà. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí a lè tà di ohun tí a ń kà sí iṣẹ́, ohun tí a kàn ń jẹ di ohun tí a kì í kà.

Ilé ìwé wa náà dá sí i, ó sì yẹ kí olùkọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí ìjọba Kérékou dá ètò École nouvelle sílẹ̀ ní 1975, wọ́n ní kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe tí yóò máa dáko. Èrò náà kò burú. Àmọ́ ohun tí àwọn òbí mi rántí nínú rẹ̀ ni oòrùn, àti oko tí wọn kò jẹ nínú rẹ̀. Lónìí, ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ilé ìwé ni a ń fún ní ọkọ́ kí ó lọ ro koríko. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ọkọ́ jẹ ọmọ níyà fún ọdún méje, kí ni a retí kí ó rò nípa ìyá àgbà tí ó di ọkọ́ mú ní ìdájí?

Síbẹ̀, nígbà tí owó dẹnu kọlẹ̀, àwọn ènìyàn rántí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó CFA kù ní ìdajì: fránkì Faransé kan tí à ń rà ní 50 di 100. Ọmọdé ni mí, n kò mọ ohun tí ó fà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tòmátì inú agolo pòórá nínú ilé wa ní Àjàṣẹ́, ìyá mi sì wú òdòdó tí ó wà níwájú ilé, ó gbin ata àti ẹfọ́ ṣọkọ̀ síbẹ̀, níbi tí gbogbo àlejò ti lè rí i. Ní ìlú yìí kan náà, láti 1985, àlùfáà Godfrey Nzamujo ti dá Songhaï sílẹ̀, níbi tí ìgbẹ́ ẹran ti ń di ìdáná, tí ohun tí ẹ̀ka kan dà nù ń di oúnjẹ ẹ̀ka kejì. Àwọn ènìyàn ń ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá kọ́ ọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ààtàn ìyá àgbà ni mo rò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mò ń yin ìṣẹ́. Ìyá àgbà fẹ́ràn súgà, ó fẹ́ràn aṣọ tuntun, ó sì ra rédíò nígbà tí agbára rẹ̀ ká a. Àwọn àgbà wí pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe; apá ti ebi ni ọgbà náà mójú tó, ó fi èyí tí ó kù sílẹ̀ fún ọjà. Ẹ̀gbọ́n mi kò purọ́: ewúro kò san owó ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ra ewé, tí kò ra ata, tí kò ra efinrin, owó tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lè san án, ìyá àgbà sì fi rán ọmọ mẹ́fà.

Mo sọ díẹ̀ nínú èyí nígbà tí a tún pàdé. A kò ṣẹ́gun, a kò sì pàdánù pátápátá. Wọn yóò kọ́ yàrá méjì dípò mẹ́ta. Ilẹ̀ tí ó wà láti balùwẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ògiri yóò wà bí ó ti wà. Àǹtí mi àgbà kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́: ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà lójú gbogbo wa, ó jẹ́ ẹsẹ̀ mọ́kànlá, ó sì ti pèrègún bọ ibi tí ó parí sí kí bíríkìlà tó dé.