Abẹ́rẹ́ Giramafóònù àti Orúkọ Bàbá Màmá Àgbà

Nígbà tí Màmá Àgbà kó láti Ìsàlẹ̀ Èkó wá bá wa gbé ní Lákọ̀wé, ẹrù méjì ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé: giramafóònù bàbá rẹ̀, irú èyí tí a máa ń fi ọwọ́ yí, àti àpótí kan tí rẹ́kọ́ọ̀dù 34 wà nínú rẹ̀. Ó ní olórin sákárà kan ki bàbá òun nínú ọ̀kan lára àwọn àwo náà, òun sì gbọ́ ọ nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Èwo ni? Kò mọ̀ mọ́. Aáyán ti jẹ bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín àwo, a kò lè ka orúkọ olórin kankan. Ẹ̀rọ náà ṣì ń yí dáadáa. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni kò sí.

Ẹ̀gbọ́n mi rò pé abẹ́rẹ́ ò ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ ìyá wa, ó tì í bọ orí ẹ̀rọ. Ariwo ló jáde, kì í ṣe orin. Kí a tó gbé e kúrò, ó ti fa ìlà funfun kan sí ìbẹ̀rẹ̀ àwo náà. Màmá Àgbà kò bínú. Ó kàn kó àpótí rẹ̀ padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn dùn mí ju kó nà wá lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Ní ọdún 1877 ni Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó sì ń sọ ọ́ padà. Ohun roboto bí agolo ni tirẹ̀ ń lò. Emile Berliner ló mú àwo pẹlẹbẹ wá lẹ́yìn rẹ̀. Orin wà nínú ìlà tín-ín-rín tó ń lọ yípo lójú àwo. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ń gba inú rẹ̀ kọjá, á máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn ló ń di ohùn. Kò bèèrè iná mànàmáná rárá. (Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.)

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọn kò ṣe abẹ́rẹ́ náà kó pẹ́. Àwo ìgbà náà, tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, oje tí kòkòrò kan ń tú sára igi ní Íńdíà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì po ìyẹ̀fun òkúta mọ́ ọn. Òkúta yẹn á máa lọ abẹ́rẹ́ irin. Kí ojú kan àwo tó parí, abẹ́rẹ́ á ti ní etí mímú bí ọ̀bẹ. Bí a bá tún un lò, á máa họ orin kúrò. Inú agolo kékeré ni wọ́n ti ń tà á, 200 nínú agolo kan, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí a lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èèyàn á ra àwo lẹ́ẹ̀kan, á wá máa ra abẹ́rẹ́ títí, bí àwa ṣe ń ra káàdì fóònù lónìí.

Nínú irú àwo bẹ́ẹ̀ ni apá kan ìtàn wa wà. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1936, Túndé King kọ orin jùjú fún Parlophone. Hàrúnà Ìṣọ̀lá fi àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1948 yin Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, kò tà. Nígbà tí ọba náà wàjà ní 1955, ó tún un kọ, ìyẹn ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Orúkọ ọba wà nínú ìwé pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò àti àwọn ọlọ́jà tí àwọn olórin ń kì, orí àwo nìkan ni tiwọn wà.

Mo gbé ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ajah. Mo bi í bóyá a lè lo ẹ̀rọ tuntun tí aládùúgbò wa rà. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ tìyẹn kéré jù. Á kàn máa rì sínú ìdọ̀tí ni.”

Ó ṣàlàyé fún mi pé láti 1948, tí ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo ńlá jáde, èyí tó ń yí nígbà 33, ìlà ojú àwo ti di tín-ín-rín. Ti 78 fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ rẹ́díógíráàmù kan hàn mí tó ní ojú méjì, ọ̀kan fún àwo 78, èkejì fún àwo ńlá, tí a lè yí síbi tó wù wá. Àmọ́ ojú ti 78 ti kán. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì ló lé àwọn tó ń ta abẹ́rẹ́ kúrò lọ́jà.

Wọ́n ṣì ń ṣe abẹ́rẹ́ irin náà lókè òkun. Àǹtí mi tó wà ní Peckham fi 100 ránṣẹ́ sí wa nínú ọ̀rá kékeré. Ojú kan, abẹ́rẹ́ kan, mo sì ń fi fóònù gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ojú àkọ́kọ́ àwo kẹrin ni a wà, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi họ, nígbà tí gòjé bẹ̀rẹ̀ tí Màmá Àgbà sì gbé ọwọ́ sókè pé kí a dákẹ́. A gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀, a gbọ́ oríkì rẹ̀, a gbọ́ pé aṣọ ló ń tà. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí olórin ti ń dárúkọ ara rẹ̀, abẹ́rẹ́ fò ojú ibẹ̀ kọjá. A kò tíì mọ ẹni tó kọ ọ́.

Màmá Àgbà ní kí n tún un lù. Mo ní ó ti wà lórí fóònù.

“Àbẹ̀kẹ́, mo ní kí o tún un lù.”

Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Ó ku 92, ojú àwo tí a kò tíì gbọ́ sì jẹ́ 61.