Kíkọ Iṣẹ́ Ọlọ́run Ojoojúmọ́ Sílẹ̀

Àṣà àwọn Kristẹni kan ni pé kí wọ́n jókòó lálẹ́ tàbí ní ìdájí, kí wọ́n kọ ohun tí ojú wọn rí lọ́jọ́ náà sínú ìwé, kí wọ́n sì wádìí ibi tí ọwọ́ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwàásù, kì í sì í ṣe ìtàn ìjọ. Ohun kékeré ló sábà máa ń dá lé: òjò tó rọ̀ lásìkò, ọmọ tí ibà rẹ̀ rọlẹ̀, ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó parí láàárín ọmọ ìyá. Ní ilẹ̀ Bobè, lágbègbè Bantè àti Savalou ní ẹkùn Collines lórílẹ̀-èdè Benin, ẹnu ni àwọn ènìyàn fi ń ṣe é ju kí wọ́n kọ ọ́ lọ. Síbẹ̀, ìwé ní ipò tirẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Áfíríkà ni ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí baba irú ìwé yìí. Thagaste, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Àlùjíríà lónìí, ni wọ́n ti bí Augustine ní ọdún 354. Nínú Confessions, tó kọ ní nǹkan bí ọdún 397 sí 400, Ọlọ́run gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́wọ́ fún un títí kan èso tó jí ká nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ní Paris, Lawrence tó ń dáná fún àwọn ará ilé ìsìn Karmeli, tó kú ní 1691, gbà pé bí òun ṣe ń bá Ọlọ́run pàdé níbi àdúrà ni òun ṣe ń bá a pàdé nídìí ààrò. Àwọn ẹlòmíràn ló kó lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jọ di ìwé. Láti 1731 ni àwọn ará Moravian ní Herrnhut, Jámánì, ti ń tẹ ẹsẹ Bíbélì kan jáde fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹgbẹ́ míṣọ́n CMS ló sọ ọ́ di iṣẹ́. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn, òyìnbó àti ọmọ ilẹ̀, máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa fi í ránṣẹ́ sí London. Ojú ìwé tó wọni lára jù nínú gbogbo rẹ̀, lójú tèmi, ni ti Samuel Àjàyí Crowther ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, 1846. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, ó kàwé ní Sierra Leone, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà ní 1843. Kò tí ì pẹ́ tó dé Abẹ́òkúta nígbà tí Àfàlá ìyá rẹ̀ wá a débẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọn kò ti rí ara wọn. Ẹsẹ Bíbélì tí kàlẹ́ńdà yàn fún ọjọ́ náà ni Crowther kọ́kọ́ kọ: ó wá láti inú Sáàmù Kẹwàá, ó sì pe Ọlọ́run ní olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba. Lẹ́yìn náà ló tó kọ bí ara ìyá rẹ̀ ṣe gbọ̀n nígbà tó rí i, bí àwọn méjèèjì ṣe di ara wọn mú tí wọn kò lè fọhùn, bí omijé ṣe ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti rù, àti bó ṣe fi orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kékeré pè é. Kò fi ìwàásù bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó gbé ẹsẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó sì jẹ́ kí òǹkàwé rí i fúnra rẹ̀. Ní 1848 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún ìyá náà, tí ó di Hannah.

Àwọn mìíràn kọ tiwọn. Anna Hinderer, tó gbé ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn láti 1853, kọ bí ogun Ìjàyè ṣe dí ọ̀nà mọ́ wọn lẹ́yìn 1860, débi pé wọ́n ń ta ohun èlò ilé kí wọ́n tó jẹun. Samuel Johnson náà kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn kó tó kọ ìtàn Yorùbá. Ní etíkun Dàhòmì, Francesco Borghero, àlùfáà Àgùdà láti ẹgbẹ́ SMA tó gúnlẹ̀ sí Ouidah ní oṣù kẹrin 1861, ṣe àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ títí di 1865. Yunifásítì Birmingham ni ìwé àwọn CMS wà lónìí, inú wọn sì ni onímọ̀ J. D. Y. Peel ti fa ìwé ńlá tó tẹ̀ jáde ní 2000 lórí ẹ̀sìn nílẹ̀ Yorùbá yọ.

Àléébù àwọn ìwé CMS yìí kò ṣeé fi pamọ́. Àwọn tó ń dáwó ní London ni wọ́n ń kọ̀wé sí, ìyẹn ló fi jẹ́ pé iye ẹni tó yí padà ló máa ń gba iwájú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ nípa olórìṣà máa ń le, wọn kì í sì í sábà rí oore Ọlọ́run lọ́wọ́ aládùúgbò tó ń bọ Ògún, kódà nígbà tí aládùúgbò náà bá fún wọn ní ilé sùn. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí oore ojoojúmọ́ tí wọ́n ní àwọn ń wá ló wà níwájú wọn níbẹ̀.

Ní Bantè àti Savalou, ibi tí ìwé ti wọ ọ̀rọ̀ yìí ni ìdúpẹ́ nínú ìjọ Àgùdà. Láti 1995 ni àwọn ìlú méjèèjì ti wà lábẹ́ díọ́sísì Ìdáàṣà. Ẹni tí Ọlọ́run ṣe lóore á lọ sí ọ́fíìsì párọ́ọ̀ṣì, á kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, á fi owó Máàsì tì í, wọn á sì kà á sétígbọ̀ọ́ ìjọ: ìdúpẹ́ fún ọmọ tuntun, ìdúpẹ́ fún ìdánwò tí ọmọ yege, ìdúpẹ́ fún ìrìnàjò tí a lọ tí a bọ̀. Gbólóhùn kan péré ni, Faransé ló sì sábà máa ń jẹ́, nítorí òun ni èdè ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ó ní orúkọ ẹni, ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ní ẹni tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun mẹ́ta yìí náà ló wà nínú ìwé Crowther.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ tún jẹ́ ọjọ́ pàtàkì níbẹ̀. Ọjọ́ náà ni Savalou ń ṣe ọdún iṣu tuntun, tí àwọn ọmọ ìlú á ti Cotonou àti òkèèrè wálé. Ọjọ́ kan náà ni ìjọ Àgùdà ń ṣe àjọ̀dún gbígbà Màríà sí ọ̀run. Lóṣù yẹn kan náà ni àwọn èrò máa ń rọ́ lọ sí ihò àpáta Arigbo ní Ìdáàṣà láti gbàdúrà níwájú ère Màríà. Kristẹni tó fẹ́ kọ̀wé kò ní wá ọ̀rọ̀ tì láàárín iyán àkọ́jẹ àti Máàsì òwúrọ̀: ta ló gbin iṣu náà, ta ni kò sí níbẹ̀ mọ́ lọ́dún yìí, ta ló padà wálé lẹ́yìn ọdún púpọ̀? Àsìkò kajú, tí tọmọdé tàgbà ń ṣa èso lábẹ́ igi nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Owó ilé ìwé àti owó oògùn ń bẹ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ àdúrà sì wà lórí iye tí àwọn oníṣòwò máa dá lé kílò kan.

Lóde òní, ìwé ìfọkànsìn ojoojúmọ́ ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Open Heavens ti Pásítọ̀ Enoch Adébóyè ń jáde ní Yorùbá àti ní Faransé. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló bá òǹkàwé ronú. Ẹ̀rí ṣì ni olórí ọ̀nà: ní ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, obìnrin tí kò mọ̀wé kọ á dìde, á sọ bí òun ṣe jí, ẹni tó kan ilẹ̀kùn, ohun tó gbé lọ́wọ́ wá, á sì forin sí i. Èdè ilé rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti jáde ilé ìwé lè kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè náà gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ, kí ìyá tó gbàgbé.