Ẹsẹ̀ Àgbébọ̀ Kì í Pa Ọmọ Rẹ̀

Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ayàwòrán ti ń wá ọ̀nà tí ojú yóò fi rí ohun tí ọwọ́ kò lè kàn. Nígbà tí àwọn ará Ítálì fẹ́ ya àwòrán ìfẹ́ àti àánú, abiyamọ ni wọ́n yà. Raphael yà á ní ọdún 1507 pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n rọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 1518, Andrea del Sarto yà á fún ọba ilẹ̀ Faransé: ọmọ kan ń mu ọmú, òmíràn sùn fọnfọn lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn Akan ilẹ̀ Gánà ní àmì mìíràn. Ẹsẹ̀ adìẹ ni wọ́n yà. Lára àwọn àmì adinkra, tí wọ́n ń gbẹ́ sára èèpo igbá, tí wọ́n sì ń fi oje dúdú tẹ̀ sára aṣọ, ni èyí tí à ń pè ní Akoko Nan wà. Òwe rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ àgbébọ̀ a máa tẹ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa á. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí kì í ṣe ti àná. Bowdich, Gẹ̀ẹ́sì tí ó dé Kumasi ní ọdún 1817, mú aṣọ adinkra kan lọ sí ìlú rẹ̀.

Kí ni ó ya ẹsẹ̀ abiyamọ sọ́tọ̀? Ní ọjọ́ 22 oṣù Òkúdu ọdún 1939, ilẹ̀ mì tìtì ní Accra. Ilé wó, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ilẹ̀ kò mọ òṣùwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀. Abiyamọ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni ìjọba kọ́ ilé fún àwọn tí kò ní ibùgbé mọ́, Kaneshie sì wà lára àwọn àdúgbò tí a kọ́ wọn sí. “Abẹ́ àtùpà” ni a máa ń túmọ̀ orúkọ náà sí láti inú èdè Gã.

Àwọn Yorùbá pẹ̀lú a máa wí pé, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe fi òwe méjèèjì wọ̀nyí ṣe àwáwí fún ìkà. Ìdí tí àgbébọ̀ fi ń tẹ ọmọ rẹ̀ ni pé abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ń kóra jọ sí nígbà tí ó bá ń tú ilẹ̀ wá oúnjẹ fún wọn. Wọn kò sá fún un. Níbi tí ọmọ bá ti ń sá fún olùkọ́, ẹsẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ti abiyamọ.